Àtọ̀gbẹ àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn: Ẹ Má Wo Ẹ̀jẹ̀ Nìkan

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa nìyí. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun, tí wọn ò lè wá, ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn wa. Mo fi í sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

   

Mo mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, mi ò sì ní fi ebi pa yín. Ṣùgbọ́n oúnjẹ yẹn gan-an wà lára ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù October ni gbogbo ayé fi ń rántí ìlera ọkàn. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù November ni wọ́n fi ń rántí àtọ̀gbẹ, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí Frederick Banting, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàwárí ínsúlìn. Ọjọ́ 35 péré ló wà láàárín méjèèjì. Àwa náà máa ń ṣe ti àtọ̀gbẹ níbí: a máa ń gún ìka àwọn èèyàn, a máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò tíì sí ọdún kan tí a bi ẹnikẹ́ni léèrè bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n lára ọ̀pọ̀ èèyàn wa.

Èmi kì í ṣe dókítà, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìṣirò owó ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ló jẹ́ kí n dìde, àti ohun tí mo kà, pẹ̀lú èyí tí mo bi àwọn elétò ìlera lẹ́yìn náà. Bàbá mi ló kàn. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ wọ́n. Wọ́n jókòó síbí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ lẹ́tà kan sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní, "Sọ ọ́. Bóyá ẹlòmíì á gbọ́."

ÌWÉ KÉKERÉ KAN

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n sọ fún bàbá mi pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ẹlòmíì ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. A ra máṣìn kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Nítorí pé èmi ni mò ń kọ́ ìṣirò owó, èmi ni ilé ní kí n máa bójú tó àkọsílẹ̀. Mo ra ìwé kékeré kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, àárọ̀, alẹ́, oògùn. Bàbá á gún ìka, wọ́n á kọ ohun tí máṣìn sọ. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, màá ṣí ìwé náà bí ọ̀gá tó wá yẹ àkáǹtì wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Láàárọ̀, kéèyàn tó fi nǹkan kan kan ẹnu, kò yẹ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 100 lórí máṣìn. Bó bá ti tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó sì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Ti bàbá mi máa ń jẹ́ 180, nígbà mìíràn 210. Bí mo bá ti rí 210, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Bàbá, kí lẹ jẹ? Ṣé búrẹ́dì ni? Àbí ẹ tún ti mu mínírà?" Ìyá mi á gbè é. Àbúrò bàbá mi á pè láti Èkó, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Ìfẹ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni.

Nígbà tó yá, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í dáa. 110. 112. 110. 108. Inú mi dùn, mo yìn wọ́n, mo tún ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé àkáǹtì tó bá ti gún régé jù, kéèyàn tún un yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ojú ìwé kan, ojú ìwé méjì, títí tí kò fi sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Bàbá ò wá sí ìpàdé yìí mọ́. Ẹ̀yin náà bi mí léèrè wọn nígbà yẹn, mo ní iṣẹ́ ni. Wọn ò tan rédíò mọ́, bàbá tó jẹ́ pé ìròyìn àárọ̀ kì í fò wọ́n. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún wọn, nígbà mìíràn wọ́n á fọwọ́ kàn án lásán, nígbà mìíràn wọ́n á jẹ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń bínú sí i. Wọ́n á jí ní aago mẹ́ta òru, wọ́n á lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. A ní kí ló dé, wọ́n ní ó kàn rẹ àwọn ni.

A ní agídí ni. Èmi gan-an fẹnu mi sọ ọ́ pé, "Bàbá yìí ò kàn fẹ́ tọ́jú ara wọn."

Egbò ẹsẹ̀ ló là wá lójú. Wọ́n ti fi pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí òórùn tó tú u fó. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ṣúgà wọn ti kọjá 400. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì àgbà kan fa àga, ó jókòó tì wọ́n. Kò béèrè ohun tí wọ́n jẹ. Ó ní, "Bàbá, inú yín ńkọ́? Kí lẹ máa ń rò tẹ́ ẹ bá dá wà?"

Mi ò rí omi lójú bàbá mi rí, títí kan ọjọ́ tí a sin ìyá wọn. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sunkún. Wọ́n ní ó ti lé lọ́dún kan tí ohunkóhun ò ti wu àwọn mọ́. Wọ́n ní àwọn ti di ẹrù fún wa. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní nọ́ńbà inú ìwé yẹn, àwọn kàn ń kọ ọ́ ni, kí ilé lè rójú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ayédèrú àkọsílẹ̀, èmi ni mo lé bàbá mi débi tí wọ́n fi ń kọ ayédèrú.

ÀÀRÙN MÉJÌ TÓ Ń BÁRA WỌN RÌN

Ohun tó ń ṣe wọ́n nígbà yẹn ní orúkọ. Àwọn dókítà ń pè é ní depression. Ní èdè wa, a lè pè é ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kì í ṣe inú bíbàjẹ́ ọjọ́ kan, kì í ṣe ti ẹni tí owó rẹ̀ sọnù tó bú sẹ́kún, tó nu ojú, tó tún ń bá iṣẹ́ lọ. Eléyìí máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójoojúmọ́ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Ohun tó máa ń dùn mọ́ni ò ní dùn mọ́. Oorun á dàrú, oúnjẹ á dàrú, ara á wúwo, ọkàn ò ní pa pọ̀. Èèyàn á máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò. Nígbà mìíràn, ikú á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ìsinmi lójú rẹ̀.

Àjọ CDC, tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé ewu kí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹni tí kò ní in. Wọ́n tún sọ pé nínú ẹni mẹ́rin tó ní méjèèjì pọ̀, ẹnì kan sí méjì péré ni wọ́n ń mọ ohun tó ń ṣe é, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí dókítà pọ̀ sí.

Ó tún ń gba ọ̀nà kejì wá. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti kọ́kọ́ mú, ewu kó wá ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà, fi nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹlòmíì lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun rárá. Dókítà kan wà ní Ìlú Ọba, Thomas Willis, tó kú ní 1675. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ pé ìbànújẹ́ tó pẹ́ lára èèyàn lè fa àtọ̀gbẹ.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Oúnjẹ tí a bá jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlìn ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà yẹn lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó wọ inú ẹran ara, kó di agbára. Bí ínsúlìn ò bá tó, tàbí tí ilẹ̀kùn ò dá a lóhùn mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀.

Ara tún ní ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní cortisol. Ìgbà tí ẹ̀rù tàbí ìdààmú bá dé ni ara máa ń tú u jáde. Yóò ní kí ẹ̀dọ̀ da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kéèyàn lè rí agbára sáré. Bó bá jẹ́ ejò lo rí lóko, ó dáa bẹ́ẹ̀. O sáré, ṣúgà yẹn lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ ni, tàbí ẹ̀rù pé wọ́n á gé ẹsẹ̀, ibo lo fẹ́ sá lọ? Orí ìjókòó lo wà. Ṣúgà yẹn á wà nínú ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, cortisol ò sì ní jẹ́ kí ínsúlìn ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Ẹ rí i pé ẹni tí ìrònú ń dà láàmú lè má jẹ búrẹ́dì rárá kí ṣúgà rẹ̀ ṣì ga. Mo ti dá bàbá mi lẹ́jọ́ lórí búrẹ́dì tí wọn ò jẹ.

Ọ̀nà kejì ni ìṣe wa. Ẹni tí ayé ò wù mọ́, báwo ló ṣe máa rántí oògùn aago méje? Ta ló fẹ́ máa gún ara rẹ̀ níka nítorí ọ̀la tí kò retí? Kò ní jáde rìn, kò ní sùn dáadáa. Ṣúgà á ga sí i. Bí ṣúgà bá sì ga, á tún rẹ̀ ẹ́ sí i, ìtọ̀ á máa jí i lóru, ojú á máa ṣe bàìbàì, ìrẹ̀wẹ̀sì á tún wúwo. Wọ́n á máa ti ara wọn lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ẹrù àìsàn yẹn fúnra rẹ̀. Ibà á wá, á lọ. Àtọ̀gbẹ ò ní ìsinmi, kò ní ọdún Iléyá, kò ní Kérésì. Owó oògùn ń gun òkè lójoojúmọ́, kí èèyàn má tíì sọ ti bébà tẹ́ẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ máṣìn. Ẹ̀rù ojú wà níbẹ̀, ẹ̀rù kíndìnrín, ẹ̀rù ẹsẹ̀. Bí oògùn bá mú ṣúgà lọ sílẹ̀ jù, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo èèyàn, àyà á máa lù kìkì. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù oògùn lè máa bà á. Ẹ̀yin bàbá, ẹ foríjì mí, ọmọ yín ni mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: àtọ̀gbẹ lè dí agbára ọkùnrin lọ́wọ́, torí ó máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń gbé ìyẹn nìkan, tí ìyàwó ń rò pé wọ́n ti rí ẹlòmíì níta. Ohun tí dókítà lè ràn wọ́n lọ́wọ́ lé lórí ni. Ẹ sọ fún dókítà.

Mo tún fẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ kan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àtọ̀gbẹ sú ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Láti 1995 ni ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà, William Polonsky, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìbéèrè ogún jáde láti fi mọ ẹni tí wàhálà àìsàn náà fúnra rẹ̀ ti sú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín, kó máa lọ òde, kó kàn jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kó máa ka ẹ̀bà lọ́kà lọ́kà. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n bá a mú ẹrù náà fúyẹ́. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú ń fẹ́ ìtọ́jú gidi. Àwọn méjèèjì ò fẹ́ èébú.

ṢÉ ÀÀRÙN ÒYÌNBÓ NI?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ ọ́ nínú pé, "Depression kẹ̀? Àwọn òyìnbó ló ní ìyẹn." Ẹ gbọ́ ìtàn kékeré kan.

Ní 1953, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Carothers kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó ní irú ìrẹ̀wẹ̀sì yìí ò wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ọpọlọ ní Ìlú Ọba, Thomas Adéoyè Lambo, ti wà nídìí iṣẹ́ ní Àrò. Nígbà tó yá, òun àti àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣáájú wọn, wọ àwọn abúlé àti ìlú Abẹ́òkúta lọ, wọ́n ń bi àwọn Yorùbá léèrè bí ara ṣe rí. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára àwọn èèyàn wa dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ò fi orúkọ kan ṣoṣo pè é.

Àwa kì í sọ pé, "mo ní depression." A máa ń sọ pé orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi, ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò rí oorun sùn, ó kàn rẹ̀ mí ṣáá. Tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ ní kẹ́místì, oògùn ibà ni wọ́n á tà fún wa. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Lambo tún ṣe ohun kan tó yẹ ká kọ́. Kò kó gbogbo aláìsàn rẹ̀ pamọ́ sínú ọgbà. Ó fi ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà ní tòsí ilé ìwòsàn, ìbátan aláìsàn á sì bá a wá, á máa dáná fún un. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbé láàárín èèyàn. Ó mọ̀ pé ẹbí wà lára oògùn. Ẹ wá wo tilé wa: èmi tó jẹ́ ẹbí, ìwé ni mò ń yẹ̀ wò.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀ SÍ Í DÁA

Ilé ìwòsàn kọ wá sí dókítà ọpọlọ. Ìjà dé. Àbúrò bàbá mi ní, "Ṣé wèrè ni ẹ̀gbọ́n mi ni?" Ẹlòmíì ní ká gbàdúrà nìkan. A gbàdúrà, a sì lọ. Mi ò rí ìjà láàárín méjèèjì.

Ìtọ́jú náà ò ní idán kankan nínú. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, bàbá á lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Dókítà tún fún wọn ní oògùn ọkàn, ó sì kìlọ̀ pé ó máa pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, pé kí wọ́n má dá a dúró lójijì. Ó béèrè gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, títí kan àgbo, torí òmíràn máa ń bá ṣúgà jà. Nígbà tí egbò jinná, ọ̀rẹ́ wọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá mú wọn rìn láràárọ̀. Rírìn yẹn ṣe ara àti ọkàn lóore pa pọ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2010, Wayne Katon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 214 tí wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pẹ̀lú àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn-àyà. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì máa tẹ̀ lé ara àti ọkàn àwọn kan pọ̀, dókítà sì wà lẹ́yìn nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọdún kan, ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn yẹn dín kù ju ti àwọn tó ń gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣúgà wọn àti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn náà sì dáa jù. Wọn ò ṣe ẹ̀rọ ńlá kankan. Wọ́n kàn wo ẹni náà lódindi.

Tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Ó máa ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé tèmi ò sì lè tàn án jẹ. Ti bàbá mi ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì dé ibi tí dókítà ń fẹ́. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí ara wọn á wúwo.

OHUN TÍ MO WÁ TỌRỌ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀.

Èkíní, lọ́jọ́ àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ wa tó ń bọ̀, kí a fi ìbéèrè méjì kún gígún ìka. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ yín ṣì ń dùn mọ́ yín? Ṣé inú yín máa ń bàjẹ́, tàbí ó ń ṣe yín bíi pé kò sí ọ̀nà mọ́? Àwọn ilé ìwòsàn máa ń fi irú ìbéèrè méjì yìí bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ ara wa di dókítà; ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá kọni lóminú, a ó tọ́ka rẹ̀ sílé ìwòsàn. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ á wá nọ́ọ̀sì tó máa kọ́ wa bí a ṣe ń béèrè é níkọ̀kọ̀, láìsí pé aládùúgbò ń gbọ́.

Èkejì, ẹ̀yin ìyá wa, a nílò yín. Ní Zimbabwe, láti 2006, dókítà kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe máa jókòó ti ẹni tí ìrònú pọ̀ jù fún, lórí bẹ́ńṣì lásán, níwájú ilé ìwòsàn. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyá àgbà wo ni kò sí nílùú wa? Bẹ́ńṣì wo ni a ò ní?

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọmọ bíi tèmi, ẹ jẹ́ ká dẹwọ́ èébú. Bí nọ́ńbà bá ga, ẹ ní, "Ẹ kú wàhálà. Báwo ni oorun àná? Kí la lè jọ ṣe?" Ẹni tí a bá ń bú nítorí òótọ́, irọ́ la ń kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹrin, oúnjẹ wa lóde. Kò sí ẹni tí dókítà ní kó má fẹnu kan oúnjẹ Yorùbá láyé mọ́. Ìwọ̀n ló ń béèrè: kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀, kí omi rọ́pò mínírà. Ẹ jẹ́ kí omi àti ẹ̀fọ́ máa wà lórí tábìlì gbogbo wa, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ má baà dà bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ láàárín àwùjọ. Ẹ má sì máa kígbe orúkọ àìsàn ẹnikẹ́ni nídìí abọ́.

Ìkarùn-ún, láràárọ̀ Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ̀ka ọ̀dọ́ á máa pàdé níwájú gbọ̀ngàn yìí láti rìn. Ẹ mú bàbá yín wá. Ẹ mú ìyá yín wá. Eré ìje kọ́ o.

Èyí tó gbẹ̀yìn wúwo. Bí ẹnì kan bá sọ pé ayé ti sú òun, pé òun ì bá kú, ẹ má bá a jà, ẹ má sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti májèlé kòkòrò kúrò ní tòsí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ti fẹ́ jókòó. Lóṣù tó kọjá, mo délé láti ilé-ìwé, bàbá fúnra wọn na ìwé náà sí mi. Wọ́n ti ń kọ ọ́ padà. Mo ṣí i, 236 ni mo kọ́kọ́ rí. Tẹ́lẹ̀, ìjà nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Bàbá, báwo ni ọjọ́ yẹn ṣe rí?" Wọ́n sọ fún mi. A jọ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fẹ́ràn 236 yẹn ju gbogbo 110 tí mo yìn wọ́n lé lórí lọ, torí òótọ́ ni.

Ẹ bá mi kí bàbá mi o.  Ọlọ́run á fún gbogbo wa ní àlàáfíà ara àti ti ọkàn.